Omi Wà, Jókòó

Ẹ̀yìn Marcory là ń gbé, nínú ìlú elédè Faransé yìí, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sọ́nà ọ̀sà, omi ẹ̀rọ kò sì dé òpópó tiwa. Òpópó tó ṣáájú tiwa ni páìpù parí sí. Ọwọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke la ti ń ra omi, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá níwájú ilé. Ọjọ́ tí wọn ò bá wá, ìyá mi á gbé kẹ́ẹ̀gì, á máa tiro lọ sétí títì. Orúnkún rẹ̀ kan ti bàjẹ́. Láti Ìgbòho ló ti wá, abọ́ ike àti bókẹ́ẹ̀tì ló tà títí ó fi darúgbó ní ọjà Treichville. N kì í rí òun àti kẹ́ẹ̀gì yẹn lójú ọ̀nà kí inú má bí mi.

Nígbà náà ni àwọn onímáàpù dé. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ "équité" sí láyà, èyí tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé kí olówó àti tálákà jọ rí tiwọn gbà. Fóònù tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àdúgbò sórí máàpù, láti ilé dé ilé, kí mairie, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, lè mọ ibi tí ìyà pọ̀ sí. Ṣebí ojú wà lórí wọn. Ìyá arúgbó ń tiro kọjá níwájú wọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, wọ́n ń tẹjú mọ́ fóònù, wọ́n ń wá ìyà.

Mo wà nílé lọ́jọ́ tó kàn wá. Ọmọbìnrin kan ló wọlé, òógùn bò ó. Ó kí ìyá mi dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló wo fóònù rẹ̀, ó ní, "La vieille, y a l'eau ici?" Ìyá àgbà ló pè é, ó ń béèrè bóyá omi wà níbí.

Ẹ wá sọ fún mi, obìnrin Ìgbòho wo ni àlejò máa dúró níwájú rẹ̀ nínú oòrùn, tí á béèrè bóyá omi wà, tí á rò pé ọ̀rọ̀ páìpù ló ń sọ? "Omi wà, ọmọ mi, jókòó," ni ìyá mi wí, ó sì fi Faransé ọjà tirẹ̀ kún un: "Y a l'eau. Faut t'asseoir." Ó bu omi tútù, ó gbé ife lé àwo, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọmọbìnrin náà mu ún tán, ó dúpẹ́, ó fi ìka tẹ fóònù, ó bọ́ sí ilé kejì. Wọ́n fún un lómi níbẹ̀ náà. Gbogbo òpópó wa ló fún un lómi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n pè wá sí mairie pé ká wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, wọ́n to omi inú ike síwájú àwọn tó jókòó lókè, ọkùnrin oní-táì kan láti Plateau, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ńlá wà, sì tan máàpù náà sára ògiri. Ó ní ilé tó bá ní àmì búlúù ti lómi, èyí tó bá ní àmì pupa ni kò ní, ibi tó pupa ni páìpù tuntun máa dé. Búlúù ni òpópó wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òpópó tó ṣáájú tiwa, tó ní ẹ̀rọ omi nínú àgbàlá, ló pọ́n yòò. Àwọn yẹn rò pé àwọn tó ń gba owó omi ló dé, wọ́n sì búra pé kò sí omi nílé àwọn.

Mo dìde, mo ṣàlàyé. Ọkùnrin oní-táì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Madame, la carte ne ment pas," pé máàpù kì í purọ́. Mo ní lóòótọ́ ni, kì í purọ́, ó kàn mu omi wa tán ló lọ ròyìn pé a lómi. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ojú tì í díẹ̀, ló bá ní òun máa rán ẹnì kan padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo lọ láti ilé dé ilé. Mo ní ẹni tó bá béèrè omi, kí wọ́n sọ pé kò sí. Bàbá kan ládùúgbò bi mí pé, "Kí n lé àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ? Ṣé ahun lo fẹ́ sọ mí dà ni?" Mo dá a lóhùn pé kí ó rọra máa fi ìwà rere pọnmi. Ìyá mi ní òun ti gbọ́.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí náà ni wọ́n rán wá, lọ́sàn-án gangan. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mo pa ní mairie, wọn ò yí ìbéèrè yẹn padà. "La vieille, y a l'eau ici?" Ètè ọmọ náà ti gbẹ. Ìyá mi wò mí, ó wò ó. Ló bá dìde.

"Omi wà," ló wí. "Jókòó."

Ó bù ú wá bí ó ti máa ń bù ú. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kan gba ife, ìka ọwọ́ kejì ti ń lọ sórí fóònù. Mo já ife náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ẹnu, mo sì da omi náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Y a pas l'eau," ni mo wí, pé kò sí omi. "Kọ ìyẹn síbẹ̀." Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè, ó gbé itọ́ mì, ó sì tẹ ẹ́.

A di pupa. Páìpù dé. Wọ́n wá ya fọ́tò ẹ̀rọ omi wa, wọ́n kọ équité sábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin oní-táì sì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó tún ní máàpù kì í purọ́. N ò kábàámọ̀. Ẹ̀rọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ti fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ohun tí mo wá náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti dé, tí mo bá dìde, á ní kí n jókòó. Á di orúnkún rẹ̀ mú, á tiro lọ sídìí ẹ̀rọ, á bu omi náà fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n gbé omi fún àlejò mọ́.