Ẹ̀wù Igbó Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé bí mo ṣe da omi ìfọṣọ kẹta nù ni mo yọjú wo aago ara ògiri pálọ̀, tí inú mi sì ń dùn pé n ó parí kí Bàbá tó ti oko dé. Omi àkọ́kọ́ pupa bí epo. Èkejì dúdú. Ẹ̀kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, òórùn ọṣẹ sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó borí òórùn pupuru ẹ̀gẹ́ tí Ìyá ń yan lórí iná. Mo tún po búlúù díẹ̀ mọ́ omi ìkẹyìn, bí mo ti máa ń ṣe fún sùtánà funfun tí Bàbá ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Mo fún ẹ̀wù náà, mo sá a sórí okùn, mo sì dúró tì í bí ẹni tó ń retí ẹ̀bùn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí màmá mi ni mo ń gbé, ní abúlé kan lọ́nà Ìkọ̀yà, kí n lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá ni mo ń pe ọkọ, Ìyá ni mo ń pe aya.

Ẹ̀wù tí mo fọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀wù lásán. Òun ni Bàbá ń wọ̀ lọ dẹ ìgalà lórí òkè pupa tó wà lẹ́yìn oko wa. Aṣọ kíjìpá ni, ó nípọn, ó sì ti tó ọdún méje tí Bàbá ti ń kó àwọ̀ sí i lára. Ó kọ́kọ́ sè é pẹ̀lú èèpo igi nínú ìkòkò ńlá. Lẹ́yìn náà ló fi ilẹ̀ pupa òkè yẹn ra á, ó sì wá fi ẹrẹ̀ odò àti èédú lílọ̀ tọ́ ọ káàkiri, títí tó fi dà bí ìgbà tí òjìji ewé bá sùn sórí ilẹ̀. Ó gán ìko mọ́ èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń ki ewé tútù bọ̀ bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè. Nígbà kan, mo ń ṣa ìgbín lọ lẹ́bàá òkè náà, òkìtì kan sì bá mi sọ̀rọ̀ pé, “Ọma mi, o ti fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn.” Mo ju agbọ̀n nù, mo sá dé ilé. Bàbá ló kó ìgbín náà bọ̀ lẹ́yìn mi.

Kì í kó ẹ̀wù yìí sínú àpótí, nítorí kánfọ̀. Kì í fi í sẹ́bàá ààrò, nítorí èéfín. Abẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé ló máa ń fi í kọ́ sí, níbi tí ìrì àti ewé gbígbẹ ti lè bá a gbé. Gbogbo ọjọ́ Ajé tó bá ti gbé e wọ̀ ni Ìyá máa ń di imú.

“Ọjọ́ Ìsinmi áńgẹ́lì, ọjọ́ Ajé iwin,” ni Ìyá máa ń wí. “Èwo gan-an ni mo fẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Bàbá á dá a lóhùn pé iwin ló ń bọ́ áńgẹ́lì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi fọ̀ ọ́, nítorí títí di òní ni ó ń dùn mí bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Ìyá ti ṣàìsàn nígbà òjò ọdún náà, ó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde. Bàbá bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ìjọ pé bí Ọlọ́run bá gbé e dìde, òun yóò fi ọwọ́ ara òun mú odindi ìgalà kan wá síbi ìkórè. Ìyá dìde. Ìkórè ku ọjọ́ méjì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Bàbá ti ń tọ ipasẹ̀ ìgalà kan. Ó mọ ibi tó ń sùn, ó mọ igi tó ń fi ìwo họ, ó sì ti pinnu pé ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta lòun yóò pàdé rẹ̀. Èmi gbọ́ ọ lẹ́nu wòlíì wa pé ẹni tó bá ń mú ọrẹ wá gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó mọ́. Mo ro ó, mo rí i pé aṣọ tí Bàbá yóò fi mú ọrẹ gan-an ló dọ̀tí jù nínú ilé. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ẹ̀rù sì tún wà níbẹ̀: mo rò pé bí aṣọ bá dọ̀tí, Ọlọ́run lè gba Ìyá padà.

Bàbá dé. Ó sọ ẹ̀gẹ́ tó gbé lérí kalẹ̀, ó gbé imú sókè, ó wo ara okùn. Kò pariwo. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó.

“Ta ló kú tí ẹ fi ń fọ aṣọ rẹ̀?”

Ìyá ní ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ṣe é lóore. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, “Ọdún méje.” Nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́, bí a ti di ojú, mo tún gbọ́ ọ tó ní, “Olúwa, ọdún méje,” bí ẹni tó ń fi ẹjọ́ mi sùn. Inú bí mi. Mo ti retí kí ó nà mí, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán. Kò nà mí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán.

Ní ìdájí ó jí mi. Ó ní ẹni tó fọ aṣọ ni yóò wá wo bó ṣe mọ́ tó. Ó wọ ẹ̀wù náà, ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́, a gbéra. Ní ẹnu ọ̀nà òkè, ó so màrìwò tútù mọ́ igi. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ọdẹ mìíràn bá rí i, yóò mọ̀ pé ènìyàn kan tí ojú kò rí wà nínú igbó yìí, kò sì ní yìnbọn síhà ibẹ̀. Bí a bá ń bọ̀ ni a ó tú u.

A dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì kan. Ìrì rin mí dé awọ. Ibi gbogbo rọ̀ wọ̀ọ̀, àfi omi tó ń kán láti orí ewé dé orí ewé. Nígbà tí ojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo wo Bàbá. Ewé tó ki bọ èjìká kò ran nǹkan kan. Láàárín gbogbo ilẹ̀ pupa yẹn, búlúù mi ń tàn lára rẹ̀ bí ẹyin ẹyẹ.

Ìgalà náà jáde. Ó pupa, ó ní àmì funfun tótòtó ní ìhà, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sún mọ́ wa débi pé mo rí imú rẹ̀ tó tutù. Atẹ́gùn yí padà díẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo ọ̀kánkán wa, ó gbó bí ajá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, igbó sì gbé e mì.

Bàbá kò tilẹ̀ gbé ìbọn sókè. “Ó gbọ́ òórùn ọjọ́ Ìsinmi,” ló wí.

Mo bú sẹ́kún. Ìyẹn náà sú u. “Dákẹ́, ọma mi. Ẹkún náà ní òórùn.”

Odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti àkùkọ kan ló gbé lọ síbi ìkórè. Ìjọ kọrin fún un, wọ́n jó yí i ká. Ó kúnlẹ̀ pẹ́ jù, títí àwọn tó tẹ̀ lé e fi ń wo ara wọn. Nígbà tó dìde, ó sọ fún Ìyá pé òun ti sọ fún Ọlọ́run pé ìyẹn kì í ṣe ìgalà.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ti di ẹni tó ń bu ilẹ̀ pupa ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo lọ èédú, mo fi ilẹ̀ ra ẹ̀wù náà, mo sá a sí ìrì, mo tún fi ilẹ̀ ra á. Kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí mo bá ra á kí ó dọ́gba, á ní ṣé ilé ni mò ń rẹ́ ni. Bí mo bá tọ́ ọ jágbajàgba, á ní ṣé àrùn ló ń ṣe igbó ni. Ó ní igbó kì í dọ́gba, kì í sì í ṣe wúruwùru. Kí n lọ jókòó tì í kí n wò ó. Mo jókòó tì í. Ọdún mẹ́ta gbáko. Mo mọ iṣẹ́ náà débi pé èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọ̀ tó jinlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, lẹ́yìn orúnkún ni ojú. Kò rí ìgalà kankan mú wá síbi ìkórè.

Ọdún méjìlá ti kọjá báyìí. Mo ti gba oyè ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Òkìtìpupa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá pè mí bí ẹni pé Ìyá ni mí; ojú rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ó gbé ẹ̀wù náà lé mi lọ́wọ́. Àwọ̀ ti ṣí lára rẹ̀. Ó ní kí n tún fi ilẹ̀ pupa ra á kí ìkórè tó dé, pé òun ń lọ sí orí òkè.

Mo sọ gbogbo èyí tó wà níkùn mi, bóyá mo tilẹ̀ sọ jù. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ni ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ń kọjá lábẹ́ màrìwò bí ẹni pé ewé lásán ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n yìnbọn lu ọkùnrin kan nítan nínú igbó kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n rò pé ẹranko ni, bẹ́ẹ̀ aṣọ pupa fòò ló wọ̀. Mo ní bó bá gbọ́dọ̀ lọ, kí ó wọ sùtánà rẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

“Ìgalà náà yóò rí mi.”

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ pa á fún un.

“Ṣé ẹnu rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni?”

Mo tọ wòlíì lọ pé ṣé a lè tú ẹ̀jẹ́. Ó ní òun yóò gbàdúrà sí i; ó ṣì ń gbà á. Mo tọ Ìyá lọ. Ó ń yan pupuru rẹ̀, ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ó ní, “Má bi mí. Tìtorí èmi ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà.” Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní èéfín ni.

Gbogbo wọn sú mi. Èmi náà sú ara mi, nítorí pé bí n kò bá fi ọṣẹ kan ẹ̀wù yẹn lọ́jọ́ Ẹtì ọjọ́sí, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti tán láti ìgbà ọmọdé mi. Ohun tí mo sì gbà lọ́wọ́ Bàbá kò fi mí sílẹ̀: n kò lè wo ilẹ̀ kan kí n má bi ara mi pé irú àwọ̀ wo ni ènìyàn yóò fi sá pamọ́ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ilẹ̀ ra ẹ̀wù yìí bó ti kọ́ mi, kò sí ojú tí yóò rí i, ì báà jẹ́ ti ìgalà, ì báà jẹ́ ti àwọn oníbọn. Bí mo bá sì kọ̀, yóò kú pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ lẹ́nu, èmi ni n ó sì tún jẹ́ ẹni tó dí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lánàá ni mo bu ilẹ̀ pupa náà bọ̀. Garawa kan ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Ọṣẹ wà lójú fèrèsé. Ẹ̀wù náà wà nínú abọ́, mo sì ti bu omi sí i. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ rí, ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú méjèèjì ni kí n dà sínú omi yìí?