Lẹ́tà tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ilé Oníwèé

Nígbà tí àwa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, oko ni a gbà lọ. Zachariah Adérógbà ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà jọ. Kì í ṣe lẹ́tà tèmi tìrẹ o. Èyí tí àwọn ẹni ńlá ayé Ọbabìnrin Fitóríà fi ọwọ́ ara wọn kọ ló ń wá: bíṣọ́ọ̀bù, ajẹ́lẹ̀, àlùfáà òyìnbó. Mẹ́fà ló ti kó sínú agolo bisikíìtì nílé rẹ̀ ní Èrúwà. Mo ti ka gbogbo wọn. Ọ̀kan ń tọrọ ìṣó, méjì ń ráhùn ẹ̀fọn, ìyókù ń bú àwọn aláàárù. Lẹ́tà tí ọmọ Adérógbà fúnra rẹ̀ ń kọ láti Kàdúná ńkọ́? Salome, ìyàwó Adérógbà, ní òun kò mọye èyí tí òun ti fi di ẹ̀pà.

Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni lẹ́tà Àlùfáà Húbátì, òyìnbó tó ṣèrìbọmi fún baba rẹ̀ àgbà. Ọdún mẹ́wàá ló fi wá a. Ó ní bí òun kò bá rí i kí òun tó kú, asán ni gbogbo ohun tó wà nínú agolo.

Lọ́dún 1987, ìròyìn dé láti Igbó-Ọrà. Ìdílé mùsùlùmí kan wà níbẹ̀, ilé Oníwèé, tí tírà kan wà lókè ẹnu ọ̀nà wọn láti ayé Òjó, baba ńlá wọn. Òjò rọ̀, òrùlé jò, awọ tírà jẹrà, ó já bọ́. Nígbà tí wọ́n tú u, wọn kò bá Lárúbáwá níbẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni. Láwàl, ọmọ ilé tó kàwé, rí orúkọ Húbátì ka, ìyókù dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà lójú rẹ̀. Lèmọ́mù ní kí wọ́n má ṣe dá a padà sókè.

Mo fi alùpùpù mi gbé Adérógbà lọ. Hàlímọ̀, ìyá Láwàl, ló gbà wá.

"Tísà, ẹ máa mú un lọ," ló wí. "Kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á sí wa létí. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá látọjọ́ yìí."

Gbogbo ilé péjọ. Adérógbà ṣí lẹ́tà, èmi náà yọjú wò ó. Kí ó tó gbóhùn sókè, ohun tí mo rí pé Húbátì kọ rèé: Òjó tó mú ìwé yìí wá ló ru ẹrù mi láti Abẹ́òkúta. Ọ̀lẹ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó sì jẹ ìdajì ṣúgà mi lọ́nà. Ẹni tó bá ka ìwé yìí, kó má ṣe gbé ẹrù kankan lé e lórí.

Mo rò ó, ó yé mi. Òjó á ti rí i pé bí òyìnbó bá ti ka ìwé òun báyìí, kì í di ẹrù lé òun lórí mọ́. Oògùn wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ló bá ní kí wọ́n fi awọ rán an.

Ẹ wo Adérógbà o. Ẹni tó fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́ fún ọdún márùndínlógójì wá ń wá irọ́. Ó wúkọ́, ó ní, "Òjó yìí, olóòótọ́ ni. Kì í sọ àsọjù. Ẹrù mi pé, ṣúgà mi kò dín hóró kan. Ẹni tó bá ka ìwé yìí, kó fi gbogbo ilé rẹ̀ lé e lọ́wọ́."

Hàlímọ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. Búrẹ́mọ̀, olórí ẹbí, dìde, ó rọra gba lẹ́tà lọ́wọ́ Adérógbà.

"Tísà, ẹ má bínú. Ẹ̀rí baba ẹni rèé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ó fi tọrẹ?"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Òtítọ́ nìkan ni Adérógbà lè fi gba lẹ́tà náà, òtítọ́ náà ló sì máa ba Òjó jẹ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pa mí.

Wọ́n fi gíláàsì bo lẹ́tà, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Títí Adérógbà fi kú ní 1996, gbogbo ọdún Ìléyá ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè é wá kà á fún àlejò. Ìyìn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó kà á kẹ́yìn, Húbátì ti fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún Òjó. Bó bá sì ti kà á tán, Búrẹ́mọ̀ á gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e padà sára ògiri, wọn á sì gbé ẹran síwájú rẹ̀.