Ìyípo Mẹ́wàá Nínú Oko Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi bárò bíríkìlà gbé mi kúrò nínú eré. Lẹ́ẹ̀kíní, mo rò pé àdúgbò á gbàgbé. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò ló sọ mí lórúkọ: Tíṣà Oníbárò. Mo na àwọn kan, mo ní kí àwọn kan kúnlẹ̀ kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, orúkọ ò kúrò. Bí mo bá lọ ra kẹrosíìnì ní Ìkọ̀tún, ẹni tí n kò mọ̀ rí á bi mí pé, "Tíṣà, bárò ńkọ́?" Inú mi kì í pẹ́ bí nígbà yẹn, ìyàwó tí mo fẹ́ lẹ́yìn náà sì sọ pé kò tíì pẹ́ títí di òní.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ilé ò tíì pọ̀ ní Ìgandò. Lẹ́yìn ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ọ̀pẹ ló kù, àti odò kékeré kan tí wọ́n fi pákó méjì dá afárá sí. Lọ́jọ́ kejì Kérésì lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń ṣètò eré kan níbẹ̀. Ẹ ó gbéra lórí pápá ilé ìwé láàárọ̀, ẹ ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, ẹ ó gun òkè alámọ̀ pupa tó wà lódìkejì, ẹ ó wá gba ibi tí omi ò ti ju kókósẹ̀ lọ padà sórí pápá. Ìyípo kan nìyẹn, ó tó máìlì mẹ́ta. Mẹ́wàá ni ẹ ó ṣe. Ẹni tó bá parí mẹ́wàá kí ladani tó pe ìrun Alásárì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lu agogo ilé ìwé, ìyẹn irin táyà ọkọ̀ akẹ́rù tí a so mọ́ igi máńgòrò. Kò sí ẹ̀bùn míì. Òfin kan ló wà tó le: bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn ọ́ láti gbé ọ dìde, eré parí fún ọ nìyẹn.

Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ agogo yẹn. Èmi ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ lọ lù ú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ ẹ̀tọ́ àtilù ú, bárò ló ń gbé mi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo tẹ̀ lé ohun tí a fi tọ́ mi dàgbà, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Mo jí ní ìdájí, mo po gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà, mo mu àwo ńlá méjì. N kò tilẹ̀ dúró kó rin. Gbogbo ẹni tó bá ti mu gàrí rí mọ̀ pé gàrí kì í dúró bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ní ìyípo kejì mo mumi, gàrí wú. Ní ìkẹta mo tún mumi, ó tún wú. Nígbà tó fi máa di ìkẹrin, ikùn mi ti le bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Mo jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, n kò lè dìde mọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, n kò ṣe ìṣirò gàrí.

Lọ́dún kejì, mo ní ó tán, n kò ní jẹ nǹkan kan. Mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì gan-an, tí gbogbo ilé ń jẹ ìrẹsì, tí òórùn ọbẹ̀ adìyẹ ń wọlé bá mi ní yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki eré mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ìyípo kìíní, èmi ni mo ṣáájú. Ìkejì, èmi náà ni. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bàbá arúgbó kan, onílẹ̀ ibẹ̀, tó máa ń jókòó sórí àpótí kí àwọn eléré má baà tẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá ní, "Tíṣà, ẹ kú eré o." Mo kàn mi orí ni, mo kọjá lọ. Ní ìyípo kẹfà, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú sínú ẹ̀gẹ́ bàbá náà. Bárò tún dé.

Ìyá onílé mi ló wá pè mí sẹ́yìn ilé ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí àga ló ti ń kírun.

"Tíṣà," ó ní, "wọ́n ní bàbá olóko kí ọ, o ò dá a lóhùn."

"Ìyá, n kò rí èémí tí màá fi dáhùn ni, mà."

"Ìgbà tí o ò rí èémí kí àgbàlagbà, kí lo tún ń sáré fún?"

Ó ní kí n jókòó, ó wá sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Nígbà tó wà lọ́mọge títí tó fi bímọ mẹ́ta, epo pupa ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń rù láti abúlé wá sọ́jà ní Ìbàdàn, garawa kan lórí, ọmọ lẹ́yìn. Láti àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ti ń rìn títí oòrùn á fi kàntàrí.

"Elépo kì í sáré," ó ní. "À ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé lọ́nà. Ẹni tí ìkíni bá ti ń já mọ́ lẹ́nu, a ti mọ̀ pé ó ti yára jù, gbogbo wa á bá a dẹsẹ̀. Ẹni tó ṣáájú láàárọ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ sọ garawa kalẹ̀ lọ́jà."

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta sí eré ọdún kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ní láti sáré lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn kí n sì padà, n kò sì gbọ́dọ̀ kọjá lára ẹnikẹ́ni láìkí i ní àkíyanjú. Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó o, ṣé ara le? Àwọn kan rò pé mo fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀. Fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà bi mí pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni. Inú kọ́kọ́ bí mi, àmọ́ nígbà tó yá mo rí i pé bí mo bá lè sọ "àwọn ọmọ ńkọ́" parí láìgba èémí láàárín, mo lè sáré títí n ó fi dé Ìjẹ̀gùn. Bí mo bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, "àwọn" nìkan ló ń jáde.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ìyá ní ohun tó ń wú kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu mi. Ẹ̀kọ tútù ni, ìlàjì kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí n fi iyọ̀ díẹ̀ kàn án, kí n sì fa ọsàn kan mu tẹ̀ lé e. Ó tún po omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ nígbà náà. Ó ní bó bá lè dá ẹ̀mí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru sí, á dá ti tíṣà sí. "Kí òǹgbẹ tó gbẹ ọ́ ni kí o mu ún. Òkè yẹn, rìn ín ni o. Kò sẹ́ni tó ń fi epo sáré gun òkè."

Lọ́jọ́ eré, ọyẹ́ mú. Ìyá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀kọ àti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ní òun á ya ọmọ tẹ̀sùbáà mẹ́wàá sọ́tọ̀, òun á máa yọ ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà bá wa jiyàn. Gbogbo èèyàn ló yà mí sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì kan láti Dopemu, géńdé ọkùnrin, gbá mi léjìká bó ṣe ń kọjá: "Tíṣà, ṣé bárò ti wà nílẹ̀?" Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo gbá tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá olóko, bàbá kí mi, mo ní, "Ẹ ṣé o bàbá, ẹ kú ọyẹ́, ṣé ara..." Ó já mọ́ mi lẹ́nu. Mo dẹsẹ̀ lójú kan náà. Ó ká mi lára o, àmọ́ mo dẹsẹ̀.

Ní ìyípo keje, mo bá mẹkáníìkì náà lábẹ́ ọ̀pẹ tèmi ti ọdún àkọ́kọ́, ó ń fi ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá fún un jẹ ẹ̀bà. Ó ní kí n wá jẹun. Mo ní á gba ibi ire. N kò rẹ́rìn-ín títí tí mo fi kọjá odò.

Bí mo ṣe ń gba ẹ̀kọ ìyípo kẹwàá lọ́wọ́ ìyá, ó fi ọmọ tẹ̀sùbáà kan ṣoṣo tó kù hàn mí. Ayọ̀ kún inú mi. Ayọ̀ yẹn ló fẹ́ pa mí. Nígbà tí mo dé oko bàbá, mo rántí bí mo ṣe mi orí sí i ní èṣí, ojú tì mí, mo ní mo gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bí mo ṣe ní kí n dìde, ẹsẹ̀ mi méjèèjì gan.

Bàbá na ọwọ́ sí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí." Láti ọ̀nà jíjìn, mo ń gbọ́ ladani tó ń fọwọ́ gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pó, pó, bó ṣe máa ń dán an wò ní bíi wákàtí kan kó tó pe ìrun.

"Ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀ jàre?" bàbá sọ. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. "Ó dáa. O wá kí mi, àbí? Kí mi. Má kánjú."

Mo kí i. Ó bi mí nípa ìyá mi, mo ní wọ́n wà. Ó bi mí nípa ará ilé, mo dá a lóhùn. Ó bi mí bóyá òjò rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Bí mo ṣe ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan ni èémí mi ń balẹ̀, ni itan mi ń dẹ̀. Mo di ìdí ẹ̀gẹ́ kan mú, mo fi orúnkún dìde bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

"Máa lọ," bàbá ní. "Mo ti gbọ́."

Mo rin òkè, mo sáré ìdagẹ̀rẹ̀, mo dé orí pápá. Mo gbọ́ tí ladani wú ikọ́ lórí ẹ̀rọ. Mo mú irin tí a fi ń lù ú, mo lu agogo, mo tún un lù, ìpè ìrun sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìyípo mẹ́sàn-án ni mo ṣe. Ìyá gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n wá kà á. Kò sẹ́ni tó wá.

Bárò ti wà nílẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti fọ̀ ọ́ mọ́ dè mí. Mo yíjú sí ìyá kí n lè dúpẹ́, mo rí i pé ó ń gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Láti àárọ̀ ló ti jókòó, orúnkún rẹ̀ ti le. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n ti bárò náà wá.

"Èmi, nínú bárò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Gbogbo epo tí mo rù nígbà yẹn," ó ní, "kò sẹ́ni tó gbé èmi rí."

Mo gbé e jókòó sínú rẹ̀, ó tún ìbòrùn rẹ̀ ṣe, mo gbá ọwọ́ bárò mú. Nígbà tí a yọ sí ojú títì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára, kí n lè tètè gbé e délé.

"Tíṣà," ó ní láìwẹ̀yìn, "ṣé o ṣì lè kí èèyàn?"

Mo dẹsẹ̀. Mo sì kí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí a fi délé.