Irọ́ Tó Gbé Màmá Dosi Kọjá Ọ̀sà

Ní Badagry, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ìnáwó tí kò fẹ́ kó dàrú mọ́ òun lọ́wọ́, Títílọpẹ́ ni wọ́n máa ní kó lọ bá. Ọmọ Èkìtì ni. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ọkọ rẹ̀, Múyìwá, ń ṣe lẹ́bàá títì márosẹ̀ ló gbé wọn dé etí òkun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, kò rí nǹkan kan ṣe. Ó ń bá àwọn obìnrin ìjọ to àga, ó ń bá wọn pín oúnjẹ, títí àwọn ènìyàn fi kíyè sí i pé níbi tí obìnrin yìí bá dúró sí, oúnjẹ kì í tán kó tó kan àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó wá gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni sọpuráìsì. Òun ni yóò fọgbọ́n tan ọlọ́jọ́ ìbí wá sí gbọ̀ngàn, tí ilẹ̀kùn á ṣí, tí gbogbo ènìyàn á hó yèè, tí omijé ayọ̀ á sì máa bọ́ lójú ẹni tí wọ́n pè wá. Omijé yẹn ni Títílọpẹ́ fẹ́ràn. Ó máa ń sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "Bí wọn ò bá tíì sunkún, a ò tíì ṣe nǹkan kan."

Ruth ló wá bá a ní ọdún tó kọjá. Ìkẹjà ni Ruth ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Topo ni, ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí ìyá rẹ̀, Màmá Dosi, ti ń yan ẹja tà. Ìyá náà fẹ́ pé àádọ́rin ọdún.

Màmá Dosi kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i rí ní ìgboro Badagry láìjẹ́ pé gèlè rẹ̀ dúró, pé bàtà rẹ̀ ń dán, pé eyín àtọwọ́dá tó fi dí iwájú ẹnu rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀. Àwọn ará Topo a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí iná bá ń jó ilé, Màmá Dosi á kọ́kọ́ wá dígí.

"Àǹtí Títí, mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu," ni Ruth wí. "Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa gbé wọn dé ìgboro? Bí a bá ní ẹnìkan ń pè wọ́n, wọ́n á fi ìdajì ọjọ́ múra, wọ́n á sì ti fura kí wọ́n tó dé."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ká má jẹ́ kí wọ́n ráyè múra ni. Ká sọ fún wọn pé o ṣubú ní Badagry níbí, pé wọ́n ti gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá."

Ruth ní, "Irọ́ yẹn ò wúwo jù?"

"Fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti rí ọ tí o ń jó, ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ máa dà."

Ruth gbà, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé tí wọ́n dá ayẹyẹ náà sí, gbọ̀ngàn tó wà létí ọ̀sà ti rẹwà. Títílọpẹ́ ti fi aṣọ funfun bo gbogbo tábìlì. Ó ti gbé aṣọ léèsì tuntun kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú bàtà àti ẹni tó máa kun ojú fún Màmá, kó lè pààrọ̀ aṣọ bó bá ti sunkún tán. Ìgbà náà ló pe Rewájú, ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń ná Topo. Kò sọ fún un pé irọ́ ni, kí ojú rẹ̀ má baà tú àṣírí.

"Rewájú, jọ̀ọ́, sáré lọ gbé Màmá Dosi wá bá wa ní gbọ̀ngàn etí ọ̀sà. Sọ fún wọn pé Ruth ṣubú, kí wọ́n máa bọ̀."

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà létí omi. Gbogbo ènìyàn gbé fóònù sókè. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n sì hó lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Sọpuráìsì!"

Màmá Dosi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ lásán ni. Ìró kan ṣoṣo ló wé mọ́ àyà, eérú ibi ìyanja sì wà lápá rẹ̀ méjèèjì. Orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí, irun funfun ti fọ́n ká. Kò sí eyín lẹ́nu rẹ̀. Ìró náà tutù láti ìbàdí dé ilẹ̀, àwọn tó sún mọ́ ọn sì mọ̀ pé omi ọ̀sà nìkan kọ́.

"Vi ṣie!" ló ń ké, èyí tí í ṣe "ọmọ mi" lédè Ègùn. "Vi ṣie dà? Ruth dà?"

Ruth jó bọ́ síwájú nínú aṣọ aláràbarà. Màmá dì í mú, ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ pa á lápá, ó tẹ inú rẹ̀ wò, bí ìgbà tí ènìyàn ń yẹ ọmọ tó já lórí igi wò. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. Ó rí tábìlì, ó rí àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀, ó rí fóònù tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Títílọpẹ́ ò sì lè fara da ìdákẹ́jẹ́ níbi ayẹyẹ, torí náà ó juwọ́ sí olórin pé kó gbé e sókè. Orin bú jáde. Màmá Dosi sọ nǹkan kan nínú ariwo náà, láti abẹ́ ọwọ́ tó fi bo ẹnu.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ aṣọ."

Títílọpẹ́ wà nítòsí, ó gbọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n omijé ti ń bọ́ lójú ìyá náà, ọwọ́ Títílọpẹ́ sì ti mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó yíjú sí ayàwòrán, ó ní, "Sún mọ́ wọn! Sún mọ́ wọn!"

Rewájú ló wọlé láti ẹ̀yìn, tó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó fi bo èjìká Màmá. Ó wo Títílọpẹ́ lójú.

"Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ fi irú irọ́ yìí sí mi lẹ́nu? Mo bá wọn sunkún nínú ọkọ̀!"

Olórin fúnra rẹ̀ ti pa orin, nítorí náà kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, Títílọpẹ́ ì bá wọ̀ ọ́. Màmá Dosi kò wo léèsì, kò wo kéèkì. Ó di jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra, ó sì padà sínú ọkọ̀. Ruth bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sáré tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń wò láti etí omi rí i pé ìyá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ títí ọkọ̀ fi lọ.

Àwọn àlejò tó kù jẹun. Oúnjẹ kárí, ó tún ṣẹ́kù. Obìnrin kan tilẹ̀ dì mọ́ Títílọpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ètò yín dùn."

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, fídíò náà ti kárí ìlú. Ọkùnrin kan pè é láti Gbaji.

"Irú ti ìyá Topo yẹn gan-an ni mo fẹ́ fún ìyá tèmi. Kí wọ́n sáré wá, kí wọ́n sunkún."

Títílọpẹ́ ní òun ò ráyè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Múyìwá ń wo fídíò ọ̀hún lórí àga, kò sì mọ̀ pé ìyàwó òun ló ṣe ètò náà, nítorí Títílọpẹ́ ò tíì lè sọ fún un.

"Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ìyá yìí wọ bàtà?" ló bi í. Lẹ́yìn náà ló tún gbé fóònù súnmọ́ etí. "Ta ló ń sọ pé 'sún mọ́ wọn' yìí? Ó jọ ohùn rẹ."

Títílọpẹ́ dìde, ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó sì ń fọ àwo tó mọ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ sí Topo. Rewájú ló gbé e, kò sì wò ó lójú títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Màmá Dosi ránṣẹ́ síta pé kó dúró de òun, òun ń múra. Ó dúró pẹ́ lábẹ́ igi àgbọn kó tó rí i. Gèlè dúró, bàtà ń dán. Títílọpẹ́ wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Dìde. Mi ò ní kí o kúnlẹ̀."

Kò dìde. Màmá jókòó.

"Mẹ́ta ni mo bí. Omi gbé àkọ́bí, àìsàn mú èkejì. Nígbà tí ti àkọ́bí ṣẹlẹ̀, wọn ò sọ fún mi pé ó kú. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá? Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá, kí n máa bọ̀ kíákíá. Nígbà ti èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún sọ. Nígbà tí Rewájú wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, tó ní Ruth ṣubú, kí n máa bọ̀, mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Láti ibí títí dé ìgboro, mo ti sin ọmọ mi. Ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ sí ni mò ń rò."

"Mi ò mọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀. Ruth náà ò mọ̀, ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n mo ní kí o jẹ́ kí n lọ wọ aṣọ. Ṣé o gbọ́, àbí o ò gbọ́?"

Orin ń dún lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tí ì bá já a nírọ́. Títílọpẹ́ wo ilẹ̀.

"Mo gbọ́, Mà."

Màmá Dosi mi orí fún ìgbà pípẹ́. "Ó dáa. Mo rò pé o máa ní o ò gbọ́ ni."

Ó bu omi fún un mu. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, Títílọpẹ́ náà kò sì lè bi í.

Títílọpẹ́ ṣì ń ṣètò ìnáwó ní Badagry. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ fún ló máa ń kọ́kọ́ lọ bá, tí á jókòó tì í, tí á bi í léèrè ohun tó wù ú àti ohun tí kò fẹ́. Àwọn oníbàárà kan ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ò dùn mọ́. Fídíò ọ̀hún ṣì wà lórí fóònù àwọn ènìyàn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á rẹ́. Bí ó bá ń lọ ní ìgboro, tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá pè é pé, "Títí Sọpuráìsì!", á dáhùn, á sì dorí kodò, á yára kọjá.