Ọkọ Mi Kì í Ṣe Oko

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ létí mi pé àmì ìsàlẹ̀ inú Yorùbá ò wúlò, ẹ bá mi mú un jókòó, kó gbọ́ ìtàn sípánà ọkọ mi.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Barnawa là ń gbé ní Kaduna. Tíṣà ni mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yorùbá kíkọ, àwọn ọmọ tí mo ń bi ní Yorùbá tí wọ́n ń fi Hausa dá mi lóhùn. Ọkọ mi, mẹkáníìkì ni. Ọdún méjì ló fi ra sípánà mẹ́rìnlá tí wọ́n fi kúróòmù bò, tó ń dán gbinrin. Àwọn ló sọ ọ́ di ọ̀gá ara rẹ̀. Láìsí wọn, ó di kó padà lọ máa sìn lábẹ́ ẹlòmíì.

Ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí wọn lára nítorí olè, àmọ́ kúróòmù ò gba ìṣó. Bí o bá fi họ ọ́, á kàn yọ̀ ni. Ọkọ mi wá dá ọgbọ́n kan. Ó fi kutẹ́ẹ̀sì mi, kutẹ́ẹ̀sì pupa tí n kò lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kun ọrùn sípánà. Ó ní kí n fi abẹ́rẹ́ kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ òun méjèèjì sí i, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Òun á wá so wáyà bátìrì kan mọ́ sípánà, á so èkejì mọ́ òwú tó rin fún omi iyọ̀, á fi tẹ̀ ẹ́. Ṣììì! Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti họ kutẹ́ẹ̀sì kúrò ni iná á jẹ wọnú irin.

Mo kọ Ọ, mo kọ Ṣ, mo sì fi àmì sábẹ́ méjèèjì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tíṣà! Ìyá Ìbejì, ta ló fẹ́ ka ìyẹn? Àmì kì í tú nọ́ọ̀tì."

Inú bí mi. Mo ní, "Bí kò bá ti ní àmì, orúkọ yín kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé kutẹ́ẹ̀sì mi fún mi!" Ló bá gbé sípánà tó kàn fún mi. Mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì.

Kò pé oṣù méjì, àwọn sípánà pòórá. Ọkọ mi ò lè jẹun. Ọjọ́ kẹrin ló rí wọn nínú àpótí mẹkáníìkì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà mẹkáníìkì kan náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tí wọ́n bí sí Kaduna. Kò tì í lójú! Ó ní òun náà ni O.S., pé Olú ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ òun, S ló bẹ̀rẹ̀ ti bàbá òun. Irọ́ náà sì fẹ́ jọ òótọ́.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ síwájú Màlámù, bàbá Hausa tó jẹ́ olórí ọgbà náà. Bí mo ṣe gbọ́, mo gbọ̀nà ibẹ̀ tìbínú-tìbínú, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ kí Màlámù, mo wá fi Hausa bi ọkùnrin náà pé kí ló wà lábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí.

Ó wò ó. Ó ní, "Tsatsa ne." Pé ó dípẹtà ni.

Ẹ gbà mí! Mo ní, "Ìpẹtà tó mọ̀ ọ́n kà? Méjì-méjì lára mẹ́rìnlá, ojú kan náà?"

Màlámù gba sípánà kan. Bàbá yìí ò mọ ABD, ṣùgbọ́n kéwú ló fi dàgbà, àmì ni kéwú sì fi ń dá lẹ́tà mọ̀: ẹyọ kan nísàlẹ̀ ń jẹ́ ba; méjì lókè ń jẹ́ ta. Ó fi èékánná tọ ojú àmì náà. Ó ní bí wọ́n bá yọ ti Yorùbá kúrò ńkọ́?

Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá yọ àmì kúrò lábẹ́ ọkọ, oko ló dà. Ní Hausa yín, miji zai zama gona!"

Gbogbo ọgbà hó yèè. Màlámù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà, ẹ̀rín ti tán: "Ai, ɗigo ba tsatsa ba ne." Àmì kì í ṣe ìpẹtà. Ó ní ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan kì í pè é ní ìpẹtà. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Yorùbá ló fi bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Inú mi dùn débi pé mo ń yan ni lójú pópó. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ní àmì kì í tú nọ́ọ̀tì, àbí?"

Ó gbá àpótí sípánà mọ́ àyà. Ó ní, "Ó tú u lónìí. Ìyá Ìbejì, ó ku àwọn súkúdiráfà. Ṣé kutẹ́ẹ̀sì yẹn ṣẹ́kù?"