Ààwẹ̀ Tí Ẹ̀dọ̀ Mi Kò Lè Gbà

Ibi tí mo ti ń yí kòkó lórí ẹní l'Ajue, abúlé wa, ni ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn tútù bò mí, ojú mi ń ṣú. Mo ní ebi lásán ni. Ìjọ wa ń gbààwẹ̀, ta ni ebi kì í pa?

Nígbà tó di àdúrà ìrọ̀lẹ́, gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n. Àwọn ìyá ìjọ ń yin Olúwa, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé mi. Ẹ̀mí kẹ̀! Èmi tí mò ń kú lọ. Ìgbà tí mo ṣubú tí n kò dáhùn mọ́ ni ọkọ mi gbé mi sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó di ilé ìwòsàn l'Orè.

Wọ́n gún mi níka, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n fa omi ṣúgà sí mi lára, mo lajú, àmọ́ kò pẹ́ tí ṣúgà náà tún fi wálẹ̀. Dókítà, ọmọbìnrin kan báyìí, bi mí ní oògùn tí mò ń lò. Mo ní n kò fi nǹkan kan kan ẹnu látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí lẹ wá ń lò kó tó bẹ̀rẹ̀, màmá?"

Ọkọ mi ló sọ ọ́: oògùn ara ríro inú ọ̀rá kékeré, tí gbogbo wa máa ń rà ní gáréèjì fún iṣẹ́ oko. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tiẹ̀ kún, wọ́n ní mò ń jayé. Nítorí ààwẹ̀ ni mo ṣe pa á tì lójijì.

Dókítà ní sítẹ́rọ́ọ̀dù ló wà nínú rẹ̀. Ara wa ń ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀, lókè kíndìnrín. Òun ló ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti kó ṣúgà pamọ́ bí iṣu inú àká, kó sì tú u sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ kò bá sí. Oògùn ọ̀rá ti sọ ara mi di ọ̀lẹ, kò ṣe tirẹ̀ mọ́. Mo wá dá oògùn dúró, mo tún dá oúnjẹ dúró.

"Ṣé yóò yè?" Ọkọ mi ló bi dókítà.

"Wọn yóò yè, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe wọ́n."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó, mo béèrè ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà, dókítà ń dín sítẹ́rọ́ọ̀dù tó fún mi kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí ara mi fi jí sí iṣẹ́ rẹ̀. Eegun ro mí, ó rẹ̀ mí dé ìdí, mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo oògùn ọ̀rá yẹn, kó má dá a dúró lójijì. Kó lọ rí dókítà.

Lọ́dún yìí, ìjọ gbààwẹ̀, pásítọ̀ ní kí n máa jẹun tèmi. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ láàárọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ẹ̀dọ̀ sínú mi, mo kọrí sí ibi kòkó. Mo yí i títí oòrùn fi wọ̀. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.