Ẹ̀rọ Ìjọba, Fíríídọ̀mù Ọ̀gá Mi

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní Ìlarò ni mo ti gbé àpò kọ́ èjìká. Gàrí kóńgò méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní Ajangbadi ni mo ń lọ bẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ ajórin lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mùfú. Ó ku oṣù mẹ́ta kí n gba fíríídọ̀mù nígbà tí ìjọba ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ẹ̀rọ. Fọ́ọ̀mù náà ní àyè tí ọ̀gá ẹni máa buwọ́ lù pé a ti parí iṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo buwọ́ lù ú. Bí ẹ̀rọ ìjórin ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò dágbére, mo gbé e wálé. Ẹ̀yin ará ilé mọ ìyókù: ẹgbẹ́ ajórin wa ní àfi kí n mú fọ́tò wá, níbi tí ọ̀gá ti gbé ọwọ́ lé mi lórí lọ́jọ́ fíríídọ̀mù, kí n tó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ wá di ibi tí ìyá mi ń sá ẹ̀pa sí.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo san dé Sáńgò. Ọ̀nà Papaláńtò ń gbọ̀n wá bí ẹni ń ku èlùbọ́. Mo tún wọkọ̀ méjì kí n tó dé Ìyánà-Ìbà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti to lọ bẹẹrẹ. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ẹgbẹ̀rin náírà. Nílé, ìkíni ló máa ń ṣáájú iye owó. Níbẹ̀, iye ló ń ṣáájú.

Ọmọ Íbò ni ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó gbé mi wọ Ajangbadi, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ń lọ, nítorí ọjọ́ fíríídọ̀mù mi.

"Kí ni ọ̀gá ẹ máa fún ẹ lọ́jọ́ yẹn?"

"Àdúrà. Èmi ni mo máa se oúnjẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́dọ̀ tiwa, tó o bá sin ọ̀gá tán, òun ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ẹ." Ó ní ìgbá-bọ̀ì ni wọ́n ń pe irú ìsìn bẹ́ẹ̀.

"Tí ọmọ iṣẹ́ bá wá sá lọ ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀ ló sá fún yẹn."

Mo gbá àpò gàrí mọ́ra títí mo fi bọ́ọ́lẹ̀.

Ọ̀gá ń jó géètì lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀.

"Ọ̀gá àgbà láti Ìlarò, ẹ káàbọ̀ o."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan fọ́ọ̀mù.

"Ráṣídì, ní gbogbo ọdún mẹ́rin, ìgbà wo lo rí mi tí mo mú bírò? Ṣebí àtàǹpàkò ni mo máa ń tẹ̀."

Lóòótọ́ ni.

"Wọ́n pè mí láti káńsù, wọ́n ní ṣé èmi ni mo buwọ́ lù ú. Mo ní èmi ni."

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, sà?"

"Tí mo bá ní èmi kọ́, ẹlòmíì ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà fún. Ìjọba kì í wá wò wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n fíríídọ̀mù ò sí lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́ta ẹ ṣì ń dúró dè ẹ́."

Mo ní mo gbà.

"Máa gbé ẹ̀rọ yẹn bọ̀. Tèmi ti ń wúkọ́. Ìjọba á ti ran èmi náà lọ́wọ́ nìyẹn." Ó bu gàrí tí mo gbé wá fún un sẹ́nu. "Eléyìí kì í ṣe ayédèrú bíi fọ́ọ̀mù ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ìjọba lè fún èèyàn ní ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá lórí ẹni ló ń jẹ́ kí ará àdúgbò gbé iṣẹ́ wọn wá. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀pa rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ọjọ́ wo lò ń gbé e lọ?"

"Ọjọ́ Ajé, màámi."

Ó ní kí n má gbàgbé láti bu ẹ̀pa díẹ̀ lọ fún ọ̀gá.